Purinsípà ń bá mi wí lójú àwọn ọmọ, ọkàn mi ò balẹ̀ mọ́ nídìí bọ́ọ̀dù

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Tíṣà máàsì ni mí nílé ìwé gírámà kan ní Ṣágámù níbí, ó ti pé ọdún 6 tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ SS, kò sẹ́ni tó sọ rí pé mi ò mọ̀ ọ́n kọ́. Látìgbà tí purinsípà tuntun ti dé, wọ́n á kàn já wọ kíláàsì, wọ́n á gba ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ mi, wọ́n á ní "ṣé bí wọ́n ṣe kọ́ ẹ nílé ìwé àwọn tíṣà n'Íjàgun nìyẹn?", àwọn ọmọ á sì bú sẹ́rìn-ín. Ní báyìí tí mo bá ti gbọ́ ìró bàtà wọn lásán, ohun tí mo mọ̀ dunjú á fò lọ lórí mi. Àbí mi ò mọ iṣẹ́ yìí ni? — Tíṣà, Ṣágámù

ÌDÁHÙN: Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Tíṣà wa, ó dùn mí gan. Ìmọ̀ kọ́ ló sọ nù lọ́wọ́ yín o, ìgboyà ni.

Albert Bandura, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Stanford l'Amẹ́ríkà, kọ ọ́ lọ́dún 1977 pé ibi mẹ́rin ni ìgboyà pé "mo lè ṣe é" ti ń wá: ohun téèyàn ti ṣe tó yọrí, ìyẹn ló lágbára jù, ẹlòmíì tá a rí tó ń ṣe é, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ sí wa létí, àti bó ṣe ń ṣe wá lára, bí àyà jíjá àti ọwọ́ gbígbọ̀n. Kò sí ìkankan níbẹ̀ tí ọwọ́ purinsípà ò lè tó. Òun ló ń pín kíláàsì, òun ló lè ní kẹ́ ẹ lọ jókòó ti tíṣà àgbà kẹ́ ẹ wo bó ṣe ń ṣe é, ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀ lẹ sì ń gbé relé.

Mi ò ní kí wọ́n má wọ kíláàsì o, ó yẹ kí wọ́n wọ̀ ọ́ dáadáa. Nígbà témi náà ń kọ́ni n'Íjẹ̀bú-Òde, purinsípà wa obìnrin á rọra jókòó sẹ́yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ tó máa ń sùn jù, á ṣí nóòtì ọmọ yẹn wò, á máa kọ nǹkan sínú ìwé kékeré kan, tí bẹ́ẹ̀lì bá lù tán ló tó máa pè mí sọ́fíìsì. "Ibi tẹ́ ẹ ti fi kóńgò gààrí ṣàlàyé ìdá mẹ́rin yẹn, ẹ tún un ṣe lọ́la. Ẹ̀yìn tẹ́ ẹ kọ sí wọn tẹ́ ẹ fi ń kọ̀wé yẹn, ẹ yí i padà." Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, mo dẹ̀ ń fi kóńgò yẹn kọ́ wọn títí mo fi kúrò níbẹ̀.

Ẹ má tíì kọ lẹ́tà sí TESCOM, àjọ tó ń bójú tó àwọn tíṣà ìjọba. Ẹ mú vice principal dání, kẹ́ ẹ wọlé tọ purinsípà lọ tí ilé ìwé bá ti jáde, kẹ́ ẹ ní "ẹ jọ̀ọ́ sà, níbi tí mo bá ti ṣì í, ẹ pè mí wá síbí, tí àwọn ọmọ bá ti fi mí rẹ́rìn-ín wọn ò ní gbọ́ tèmi mọ́." Kẹ́ ẹ wá mú tọ́píìkì tẹ́ ẹ mọ̀ jù, kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi kọ́ kíláàsì kan kó yọrí, kẹ́ ẹ tó pè wọ́n wá wò ó ní kíláàsì kejì, lọ́jọ́ tẹ́ ẹ dá fúnra yín. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ bó ṣe lọ.