Èèyàn 3,000 ń tẹ̀lé wa, aṣọ ò tà

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Àǹkárá àti léèsì ni mo ń tà ní Balógun. Ọmọ mi bá mi ṣí ojú ewé kan sórí Instagram, ó ti lé lọ́dún kan báyìí, èèyàn bíi 3,000 ló sì ń tẹ̀lé wa. Ojoojúmọ́ là ń gbé fọ́tò aṣọ síbẹ̀, àmọ́ oṣù kan lè parí kẹ́nì kan má pè wá. Ẹnì kan wá ní kí n mówó wá kóun fi èèyàn 10,000 kún un fún wa. Ṣé kí n san án?
– Ìyá Aláǹkárá, Ìsàlẹ̀ Èkó

Ìdáhùn: Ẹ kú ọjà o, ìyá wa, ajé á wọ igbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má san owó yẹn.

Bẹ́ ẹ bá gbé nǹkan sórí Instagram, kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń tẹ̀lé yín ló máa rí i. Àwọn díẹ̀ ni Instagram máa kọ́kọ́ fi í hàn. Báwọn yẹn bá dúró wò ó, tí wọ́n fi ránṣẹ́ sẹ́lòmíì, á tún gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn míì. Bí wọ́n bá fò ó kọjá, ibẹ̀ ló parí sí. Àwọn 10,000 tẹ́ ẹ bá fowó rà kò ní dúró wo ohunkóhun, torí náà ṣe ni wọ́n á jẹ́ kí ọjà yín túbọ̀ pa mọ́ fún àwọn tó lè rà á.

Mo wo ojú ewé yín. Aṣọ yín dára gan-an. Àmọ́ abẹ́ gbogbo fọ́tò lẹ kọ ọ́ sí pé ká wá sí DM, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń kọ̀wé ránṣẹ́ síra wọn ní ìkọ̀kọ̀, fún iye owó. Ẹ kọ iye síbẹ̀. Ẹni tó wà ní Agége tó fẹ́ ra aṣọ ẹbí fún 20 èèyàn ti ń ṣírò owó lọ́kàn, bí kò bá sì rí iye, ó ti kọjá lọ nìyẹn. Mo mọ̀ pé ẹ ò fẹ́ káwọn tẹ́ ẹ jọ ń tà mọ iye yín, ṣùgbọ́n ẹni tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì ti mọ̀ ọ́n tipẹ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi ìwé kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga yín fún ọjọ́ mẹ́ta, kẹ́ ẹ máa kọ ohun táwọn oníbàárà bá bi yín. Ṣé kò ní ṣá? Yáàdì mélòó ló máa tó ìró àti bùbá? Ṣé irú ẹ̀ kù tó máa kárí 50 èèyàn? Àwọn ìbéèrè yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ fi ṣe fídíò.

Ẹ jẹ́ ká mú “ṣé kò ní ṣá?” Ẹ bu omi sínú abọ́ funfun, kẹ́ ẹ dúró sẹ́nu ọ̀nà níbi tí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán ti ń wọlé, torí iná inú ṣọ́ọ̀bù máa ń pa àwọ̀ aṣọ dà. Ẹ ti etí àǹkárá bọ omi, ẹ fọṣẹ sí i, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ fún un. Kẹ́ ẹ wá gbé fóònù sún mọ́ abọ́ náà. Bómi bá mọ́, ẹ ò ní láti sọ ọ̀rọ̀ kan. Bó bá pọ́n díẹ̀, ẹ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kẹ́ ẹ ní kí wọ́n máa dá aṣọ náà fọ̀. Ìyẹn gan-an ló máa jẹ́ kí wọ́n gbà yín gbọ́ lórí àwọn yòókù.

Kí fídíò náà má gùn. Láti oṣù kìíní ọdún 2025 tí NCC, àjọ tó ń bójú tó àwọn iléeṣẹ́ fóònù, ti gbà káwọn iléeṣẹ́ fóònù fi tó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún kún owó wọn, ńṣe làwọn èèyàn ń ṣọ́ dátà lò. Ẹ sọ Yorùbá tẹ́ ẹ fi ń nájà, kẹ́ ẹ sì kọ ọ̀rọ̀ sójú fídíò, torí inú dáńfó lọ̀pọ̀ ti ń wò ó láìtan ohùn.

Ẹ tún ṣe ọ̀kan nípa ọ̀nà: láti CMS títí dé orí àtẹ̀gùn ilé tí ṣọ́ọ̀bù yín wà. Ẹni tó ti Ìpájà wá lè ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì kó tó rí yín. Kí ọmọ yín sì fi ṣọ́ọ̀bù náà sórí máàpù Google, ọ̀fẹ́ ni.

Nǹkan tó ká mi lára jù ni nọ́ńbà àwọn oníbàárà. Wọ́n lè jí ojú ewé Instagram mọ́ yín lọ́wọ́ lóru ọjọ́ kan, àmọ́ nọ́ńbà tó wà nínú ìwé yín, tiyín ni. Ẹ lo WhatsApp Business, òun náà ò gbowó. Broadcast rẹ̀, ìyẹn fífi ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ èèyàn pa pọ̀, ń gba nọ́ńbà 256 lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti fi nọ́ńbà yín pa mọ́ sórí fóònù rẹ̀ nìkan ló máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Torí náà, bẹ́nì kan bá ti ń san owó, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó fi nọ́ńbà yín pa mọ́ lójú yín níbẹ̀. Ẹ má fi ránṣẹ́ sẹ́ni tí kò bá gbà. Báwọn èèyàn bá fẹjọ́ yín sùn, WhatsApp lè ti nọ́ńbà yín pa.

Owó tẹ́ ẹ fẹ́ fún ẹni yẹn, ẹ tọ́jú ẹ̀. Ẹ máa bi gbogbo ẹni tó bá pè pé fídíò wo ló rí. Èyí tó bá mú èèyàn mẹ́ta mẹ́rin wá, ẹ fi ₦5,000 nínú owó náà polówó rẹ̀, kẹ́ ẹ yan Èkó nìkan, kẹ́ ẹ sì ka iye ìpè tó wọlé kẹ́ ẹ tó fi kọ́bọ̀ kún un.