Ámpì Tuntun, Béèsì Ń Wú: Kí Ló Fà Á?

Ìbéèrè nípa hẹ́dífóònù ló pọ̀ jù nínú lẹ́tà tó wọlé lọ́tẹ̀ yìí, ó jọ pé ọ̀pọ̀ yín ló ti ra ámpì kékeré (ẹ̀rọ tó ń fi agbára kún ohùn) kún tiyín, torí náà mo kó mẹ́rin jọ, èyí àkọ́kọ́ ni mo máa pẹ́ lórí ẹ̀ jù torí òun gan-an ló bí àwọn tó kù.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Hẹ́dífóònù kékeré kan wà lọ́wọ́ mi, èyí tí ẹ̀yìn ẹ̀ dé pa, 32 ohm ni wọ́n kọ sára páálí ẹ̀. Tí mo bá so ó mọ́ fóònù, gbogbo ẹ̀ ló ń dún kedere. Mo wá ra ámpì oní-túùbù kan, ni béèsì bá bẹ̀rẹ̀ sí í wú, ó ń bo ohùn ẹni tó ń kọrin mọ́lẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ní bí ámpì oní-túùbù ṣe ń dún nìyẹn, pé kó mọ́ mi lára. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

ÌDÁHÙN: Ohun tẹ́ ẹ gbọ́ yẹn wà níbẹ̀ lóòótọ́, etí yín ò tàn yín. Àmọ́ kì í ṣe pé túùbù, ìgò bíi gílóòbù tó wà lára ámpì yẹn, ní adùn kan tó ń bù sórí orin o. Ìṣirò ni, ẹ jẹ́ ká jọ ṣe é.

Ohm ni wọ́n fi ń wọn bí nǹkan ṣe ń dènà iná tó. 32 tí wọ́n kọ sára páálí yẹn, ojú ibì kan ṣoṣo ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n, ó sábà máa ń jẹ́ 1,000 Hz, ìyẹn ohùn tó ń gbọ̀n nígbà 1,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Tẹ́ ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ lọ síbi béèsì, ẹ máa dé ibì kan tí awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà nínú sípíkà ẹ̀ ti máa ń gbọ̀n jù, ibẹ̀ ni ohm ẹ̀ ti máa ń ga, ó lè di 60 níbẹ̀ kó tó tún padà wálẹ̀. Ámpì náà ní ohm tiẹ̀ nínú, òun ni wọ́n ń pè ní output impedance, ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọn kì í kọ ọ́ sára páálí rárá, ìyẹn sì máa ń dùn mí gan-an torí òun lẹni tó ń rà á nílò jù. Àwọn méjèèjì ló jọ ń pín fóltéèjì tó ń jáde, èyí tí ohm ẹ̀ bá pọ̀ ló ń gba ìpín tó pọ̀.

Ó dáa, ká ní ohm 1 péré ló wà nínú ámpì. Níbi tí hẹ́dífóònù ti jẹ́ 32, á gba 32 nínú 33, ìyẹn bí ìdá 97 nínú ọgọ́rùn-ún. Níbi béèsì tó ti di 60, á gba 60 nínú 61, bí ìdá 98. Ìyàtọ̀ ẹ̀ ò ju bíi 0.1 dB lọ (dB ni wọ́n fi ń wọn bí ohùn ṣe ga tó), etí ò lè mú un. Wàyí o, ká ní 120 ohm ló wà nínú ámpì ńkọ́? 32 nínú 152 jẹ́ ìdá 21, àmọ́ 60 nínú 180 jẹ́ ìdá 33. Ṣé ẹ ti rí i? Béèsì ti fi nǹkan bíi 4 dB ga ju ibi tí ohùn èèyàn wà lọ, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kan bọ́tìnì kankan. Ibi tó ti ń wú nìyẹn.

Kì í ṣe pé mo kàn já 120 yẹn látojú ọ̀run o. Ìlànà IEC 61938, ti àjọ àgbáyé tó ń ṣètò ìlànà ẹ̀rọ iná, tó jáde lọ́dún 1996 ló dábàá ẹ̀ fún ojú ihò hẹ́dífóònù, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ni ò tẹ̀ lé e, àmọ́ ẹ ṣì lè bá ohm tó ga bẹ́ẹ̀ pàdé lára àwọn ámpì ńlá àtijọ́, àwọn ámpì oní-túùbù tí kò ní tiransifọ́mà níbi tí ohùn ti ń jáde náà sì máa ń ní ohm tó pọ̀ dáadáa. Nǹkan míì tún wà níbẹ̀ o, tí awọ yẹn bá ń gbọ̀n, òun fúnra ẹ̀ máa ń pèsè iná díẹ̀ padà, tí ohm ámpì bá kéré, iná yẹn á rọ́nà lọ, á sì dà bí ìjánu tó ń dá awọ náà dúró, tí ohm ámpì bá pọ̀, ìjánu ò mú mọ́ nìyẹn, béèsì á wá máa fà nílẹ̀ lẹ́yìn tí ìlù ti dákẹ́.

Torí náà, ohun tí àwa tá a fẹ́ràn nǹkan yìí máa ń ṣe ni pé ká pín ohm hẹ́dífóònù sọ́nà 8, kí ohm ámpì má ju ìpín kan lọ. Tiyín tó jẹ́ 32, ohm 4 ló yẹ kó mọ, tó bá kéré sí i ó dáa. Ẹ má tíì ta ámpì yín ṣá. Ẹ wá hẹ́dífóònù 250 tàbí 300 ohm fún un, tàbí èyí tí wọ́n ń pè ní planar, tí awọ inú ẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, torí ohm tiẹ̀ máa ń dọ́gba látòkè délẹ̀, ẹ máa rí i pé wọ́n á bára wọn mu. Ẹ lo ámpì tí ohm ẹ̀ kéré fún ti 32 yẹn. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ràn béèsì tó wú, kò burú, àmọ́ EQ (ibi tẹ́ ẹ ti lè tún béèsì àti ohùn òkè ṣe) tó wà lórí fóònù lè gbé 4 dB yẹn sókè fún yín láìná kọ́bọ̀.

Ohun kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù, mo sì bẹ̀ yín kẹ́ ẹ má fojú kéré ẹ̀. Hẹ́dífóònù tí ẹ̀yìn ẹ̀ dé pa, bí pádì ẹ̀ ṣe lẹ̀ mọ́ orí ni ẹ̀mí béèsì ẹ̀. Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì gbáko tí mo fi dá ámpì kan lẹ́bi pé ó ti jẹ béèsì mi run, mo pààrọ̀ wáyà, mo pààrọ̀ orin, kò yí padà. Lálẹ́ ọjọ́ kan mo bọ́ awò ojú mi láti nù ún, mi ò sì yọ hẹ́dífóònù lórí, ni béèsì bá wọlé wàà. Ọwọ́ awò yẹn ló ń gbé pádì sókè lẹ́yìn etí, àlàfo tí ò nípọn ju ojú páálí lọ. Kò sí ámpì tó lè dí ihò yẹn.

ÌBÉÈRÈ: Ọ̀gá, mo fi hẹ́dífóònù kan náà gbọ́ ámpì mẹ́ta. Ìkẹta ló dáa jù, ohùn ẹ̀ kún. Àwọn kan ní kò sí ìyàtọ̀ kankan láàárín ámpì. Ta ni kí n gbà gbọ́?

ÌDÁHÙN: Ẹ má tíì gba ẹnikẹ́ni gbọ́. Ṣé ẹ mú fọ́lúùmù àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dọ́gba? Tẹ́ ò bá ṣe é, fọ́lúùmù lẹ gbọ́, ẹ ò tíì gbọ́ ámpì. Ohùn tó bá fi ìdajì dB kan ga, a kì í mọ̀ pé ó ga, ó kàn máa ń ṣe wá bíi pé ó kún, pé ó mọ́.

Ẹ wá mítà táwọn oníṣẹ́ iná fi ń wọn fóltéèjì, ẹ yí i sí AC, ẹ ki hẹ́dífóònù bọ ámpì nípasẹ̀ wáyà olórí méjì, kẹ́ ẹ lè fi mítà kan orí kejì. Ẹ ṣí ohùn ẹyọ kan, bíi 100 Hz, kó máa dún lọ. Ẹ yí fọ́lúùmù ámpì àkọ́kọ́ títí mítà á fi ka 0.300, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn tó kù, kó má fi ju ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún yàtọ̀ síra. Kí ẹlòmíì wá máa pààrọ̀ ẹ̀ lẹ́yìn yín láìsọ èyí tó jẹ́, nígbà mẹ́wàá ó kéré tán, kẹ́ ẹ máa kọ ohun tẹ́ ẹ gbọ́ sílẹ̀. Tí ohm wọn bá kéré, tí agbára wọn sì tó, mo gbà pé ìyàtọ̀ yẹn á pòórá lọ́wọ́ yín. Tí kò bá pòórá, ẹ lọ wo ohm ẹni tó yàtọ̀ nínú wọn.

ÌBÉÈRÈ: Kí ló dé tí wọ́n ń ṣe hẹ́dífóònù DT 770 PRO ní 32, 80 àti 250 ohm? Èwo ni kí n rà fún fóònù?

ÌDÁHÙN: 32 ni. Ká ní agbára iná milliwatt 1 ń fún èyíkéyìí nínú wọn ní 96 dB, tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí ibi tí ìlù ti lu dé 110 dB, 25 milliwatt lẹ nílò fún ìkọ̀ọ̀kan wọn. Fún 32, fóltì 0.9 ló máa gbé e, àmọ́ á fa kọ́rẹ́ntì bíi 28 milliamp. Fún 250, fóltì 2.5 ni, kọ́rẹ́ntì ẹ̀ ò ju 10 lọ. Dongle kékeré tí wọ́n ń fi sẹ́nu fóònù, nǹkan bíi fóltì 1 ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gbé jáde, ẹ rí i pé ó tó 32 lò, kò sì dé ìtòsí 250. Àmọ́ ẹ ṣọ́ ọ o, ámpì tí bátìrì ẹ̀ ò lágbára lè ní fóltì kó má ní kọ́rẹ́ntì, béèsì á wá máa fọ́ lórí 32 náà. Tí ámpì yín bá ní gain (bọ́tìnì tó ń sọ bí ámpì ṣe máa gbé ohùn sókè tó), ẹ fi sí kékeré, kẹ́ ẹ má baà máa gbọ́ "ṣììì" lábẹ́ orin. Ihò hẹ́dífóònù 4.4 mm tí wọ́n ń pariwo ẹ̀, ó ń fi fóltéèjì kún un ni, ó sì sábà máa ń sọ ohm ámpì di ìlọ́po méjì, kì í ṣe iṣẹ́ ìyanu.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ ọdún 17 ni mí. Sony WH-1000XM4 ni mò ń lò, mo fẹ́ ra ámpì kó lè lọ sókè sí i nínú ọkọ̀. Ṣé ó máa ṣiṣẹ́?

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, má ra á. Ámpì ti wà nínú hẹ́dífóònù yẹn. Tó o bá fi wáyà sí i tó o sì tàn án, 40 ohm ló ń fi hàn, inú ámpì tiẹ̀ ni orin ń gbà kọjá. Tó o bá pa á, 16 ohm ló máa jẹ́, ohùn ẹ̀ á sì yàtọ̀ torí ẹ̀rọ inú ẹ̀ tó ń tún ohùn ṣe ti kú. Ámpì míì níta ò lè fi adùn kún un níbi kankan nínú méjèèjì.

Ohùn tó ga tó ò ń wá yẹn, ẹ̀rù ẹ̀ ń bà mí fún ẹ. Àjọ WHO ní 80 dB, wákàtí 40 lọ́sẹ̀ ni kó mọ fún àgbàlagbà, tó bá fi 3 dB lé e, wákàtí yẹn á dín sí ìdajì: 83 dB, wákàtí 20, 86 dB, wákàtí 10. Ariwo ọkọ̀ ni kó o kọ́kọ́ lé jáde. Gbé e wọ̀ nínú ọkọ̀, tan noise cancelling ẹ̀ (èyí tó ń pa ariwo ìta), kó o fi ọwọ́ méjèèjì rọra tẹ̀ ẹ́ mọ́ etí. Tí ariwo bá dín kù tí béèsì sì pọ̀ sí i bó o ṣe tẹ̀ ẹ́, pádì ẹ̀ ti ń jò nìyẹn, òun ni kó o lọ pààrọ̀.