Èéṣe tí pásítọ̀ fi pọ̀ láàárín àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́?

Ìbéèrè: Olóòtú, ẹ jọ̀wọ́, èéṣe tí púpọ̀ nínú àwọn aṣáájú ìjà fún ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà fi jẹ́ pásítọ̀? Ṣé kò sí ọ̀mọ̀wé mìíràn láàárín wọn ni?

Ìdáhùn: Wọ́n wà. Ṣùgbọ́n ní gúúsù Amẹ́ríkà nígbà náà, ọwọ́ àwọn aláwọ̀ funfun ni owó oṣù ọ̀pọ̀ olùkọ́ ti ń wá, wọ́n sì lè lé wọn lẹ́nu iṣẹ́ nígbàkígbà, nígbà tí ó jẹ́ pé ìjọ tirẹ̀ ni ó ń bọ́ pásítọ̀.

Ẹ wo ìlú Montgomery, ní ìpínlẹ̀ Alabama ní gúúsù níbẹ̀. Nígbà tí ọlọ́pàá mú Rosa Parks, obìnrin aláwọ̀ dúdú kan, ní ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá ọdún 1955, nítorí pé ó kọ̀ láti dìde fún aláwọ̀ funfun nínú bọ́ọ̀sì, inú ilé ìjọsìn Onítẹ̀bọmi ti Holt Street ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ti pàdé ní ọjọ́ 5, tí wọ́n sì pinnu pé àwọn kò ní wọ bọ́ọ̀sì. Ọjọ́ 381 ni wọ́n fi dúró lórí ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn ìjọ ń dáwó, wọ́n ń ra ọkọ̀ tí ó ń gbé àwọn òṣìṣẹ́ lọ síbi iṣẹ́, wọ́n sì kọ orúkọ ìjọ sára ọkọ̀ wọ̀nyí. Ní oṣù Kìíní ọdún 1957, àwọn ọ̀tá ju bọ́ǹbù sí àwọn ilé ìjọsìn kan níbẹ̀.

Síbẹ̀, ká má ṣe gbàgbé àwọn obìnrin: Jo Ann Robinson, olùkọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì, ti tẹ ìwé ìkéde tí ó ní kí àwọn ènìyàn má ṣe wọ bọ́ọ̀sì, ní òru, kí àwọn pásítọ̀ tó pàdé rárá. Gbogbo ìjọ kọ́ ni ó sì fara mọ́ Martin Luther King, pásítọ̀ tí ó ṣe aṣáájú ìjà náà. Joseph H. Jackson, ààrẹ àpapọ̀ ìjọ Onítẹ̀bọmi tí ó tóbi jù lọ láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú, tako ọ̀nà tí ó ń gbà jà, débi pé ní ọdún 1961, àwọn alátìlẹ́yìn King yapa, wọ́n sì dá àpapọ̀ tiwọn sílẹ̀.