Kí ni ìtumọ̀ "ilé làbọ̀ sinmi oko"?

Ìbéèrè: Ọmọ Ìbàdàn ni mí, Jámánì ni mo ń gbé. Bí mo bá ti sọ fún màmá mi pé àárò ilé ń sọ mí, èsì wọn ni "ilé làbọ̀ sinmi oko". Ṣé kí n kẹ́rù mi máa bọ̀ ni wọ́n ń wí?

Ìdáhùn: Rárá o. Oko inú òwe yìí kì í ṣe oko etílé téèyàn ń lọ láàárọ̀, tó ń bọ̀ nírọ̀lẹ́. Oko egàn ni. Láti àwọn ọdún 1890 tí àgbẹ̀ Ìbàdàn ti ń gbin kòkó, ọ̀pọ̀ wọn ló lọ pa abà lọ́nà Àkànràn, tí wọ́n ń gbé ibẹ̀ tìyàwó-tọmọ, ọdún ń gorí ọdún. Síbẹ̀, bẹ́ ẹ bá bi wọ́n pé níbo nilé, agbo ilé wọn ní Bẹẹrẹ tàbí Ọjà'ba ni wọn yóò dárúkọ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣọdún Iléyá, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fọmọ fọ́kọ, mọ́gàjí ibẹ̀, ìyẹn olórí agbo ilé, ló ń parí ìjà wọn. Ẹni tó bá kú sóko, ilé ni wọ́n ń gbé òkú rẹ̀ wá sin. Kò sẹ́ni tó ń bá wọn wí pé wọ́n pẹ́ lóko; iṣẹ́ ni wọ́n bá lọ.

Oko yín ni Jámánì. Ohun tí màmá ń sọ ni pé ààyè yín ṣì wà nílé.

Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ yìí tún jinlẹ̀ sí i ní Ìbàdàn. Àwọn ọmọ ogun tó tẹ Ìbàdàn tòní dó ní nǹkan bí ọdún 1829, láti Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá ni wọ́n ti wá. Ogun ti tú ìlú àwọn mìíràn nínú wọn. Wọn kò gbàgbé. Títí dòní, ọmọ tí bàbá bàbá rẹ̀ pàápàá jẹ́ ọmọ Ìbàdàn lè dọ̀bálẹ̀ kí ìyá àgbà láàárọ̀, kí wọ́n sì dá a lóhùn pé "Ọmọ Ọlọ́fà mọjọ̀, ìjàkadì lorò Ọ̀fà!" Ọmọ náà lè má tí ì fẹsẹ̀ tẹ Ọ̀fà rí, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ á wú.

Nítorí náà, bí àárò bá tún sọ yín, ẹ ní kí màmá ki yín. Kí wọ́n ki oríkì orílẹ̀ yín látòkè délẹ̀ sórí WhatsApp, kí ẹ máa gbọ́ ọ, kí ẹ sì fi kọ́ àwọn ọmọ yín. Ẹ tún bi wọ́n léèrè ọjọ́ tí ìpàdé ẹbí bọ́ sí, àti iye tó kàn yín nínú owó àtúnṣe agbo ilé.