Ṣé metformin ló ń da inú mi láàmú báyìí, kí ni mo lè ṣe sí i?

Bẹ́ẹ̀ ni, ó ṣeé ṣe dáadáa kó jẹ́ òun ni, torí inú rírú, èébì tó ń gbéni àti ìgbẹ́ gbuuru ló wọ́pọ̀ jù nínú wàhálà tí oògùn àtọ̀gbẹ yìí máa ń fà, àgàgà fún ẹni tí inú ẹ̀ kì í tètè gba nǹkan tẹ́lẹ̀.

Ẹ máa lò ó pẹ̀lú oúnjẹ, ẹ má lò ó láìjẹun. Wọ́n sábà máa ń fi 500 mg bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó máa fi kún un díẹ̀díẹ̀, tó bá jẹ́ pé èyí tó pọ̀ ni wọ́n kó fún yín lẹ́ẹ̀kan náà, ìyẹn nìkan tó láti da inú rú. Fún ọ̀pọ̀ èèyàn, ó máa ń rọlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Tí kò bá rọlẹ̀, ẹ bi dókítà nípa irú èyí tó máa ń yọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú ikùn, wọ́n máa ń kọ XR tàbí SR sí i lára, ó sábà máa ń rọ inú lọ́rùn ju ti tẹ́lẹ̀, àmọ́ odindi lẹ máa gbé e mì o, ẹ má lọ̀ ọ́, tẹ́ ẹ bá sì rí nǹkan tó jọ hóró oògùn nínú ìgbẹ́ yín ẹ má jáyà, èèpo ẹ̀ lásán ni.

Ẹ má kàn dá a dúró fúnra yín, torí ṣúgà lè lọ sókè. Àyàfi tí èébì tàbí ìgbẹ́ gbuuru bá pọ̀ débi pé omi ń gbẹ lára yín, ẹ pe dókítà lọ́jọ́ náà gan-an, wọ́n lè ní kẹ́ ẹ dá a dúró ná.