Ó Ní Kánádà Lòun Wà, Àmọ́ N Kò Tíì Rójú Rẹ̀

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Mà. Ọmọ ọdún 33 ni mí, Ìbàdàn ni mò ń gbé, báǹkì ni mo sì ti ń ṣiṣẹ́. Láti ìgbà tí èmi àti ẹni tí mò ń fẹ́ ti túká ni mo ti wà lórí Tinder àti Badoo, àwọn áàpù tí èèyàn fi ń wá olólùfẹ́. Àwọn kan á kí mi láàárọ̀, kó tó dalẹ́ wọ́n á ní kí n wá bá àwọn ní òtẹ́ẹ̀lì. Àwọn mìíràn á bá mi sọ̀rọ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n á dákẹ́ lójijì. Èyí tó kù báyìí ní ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó lòun, Kánádà lòun ń gbé. Oṣù mẹ́rin rèé, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n bí mo bá ti ní ká ṣe fídíò, nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ kì í dáa. Kò tíì tọrọ kọ́bọ̀. Màmá mi ò mọ̀ pé orí fóònù ni mo ti ń wá ọkọ. Ṣé kí n pa gbogbo ẹ̀ tì ni?

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, má pa á tì. Mo mọ àwọn tọkọtaya tó jẹ́ pé orí fóònù ni wọ́n ti pàdé, tí wọ́n ti ń tọ́mọ báyìí. Bí o ṣe ń lò ó ni kí o yí padà.

Láyé àwọn ìyá wa, bí ọkùnrin bá fojú sóde tó rí ẹni tó wù ú, alárinà ló ń lọ tó ń bọ̀ láàárín wọn. Òun àti àwọn ẹbí ló ń wádìí: agboolé wo nìyẹn, ṣé àrùn kan ń bá wọn fínra, ṣé ọ̀lẹ ni, ṣé obìnrin wà nílé rẹ̀. Ìgbà tí gbogbo ìyẹn bá yanjú ni wọ́n tó ń sọ pé a ti mọjú ara wa, alárinà yẹ̀bá. Tinder, tó dé ní 2012, gba ìfojúsóde ṣe, ó sì mọ̀ ọ́n ṣe, nítorí o lè wo ojú ọgọ́rùn-ún èèyàn kí iṣu tó jinná. Ṣùgbọ́n kì í bá ọ ṣèwádìí. Ohun tí àmì búlúù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ẹlòmíràn sábà máa ń sọ ni pé ojú ẹni tó ya ara rẹ̀ fún wọn bá ojú inú fọ́tò mu. Kò sọ pé onítọ̀hún ò níyàwó. Ọwọ́ rẹ ni ìwádìí ṣì wà.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí ti Kánádà. Oṣù mẹ́rin láìrí ojú ti pọ̀ jù. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ibẹ̀ kọ́ ló ń ṣe bí ti Mọ́níyà lọ́jọ́ òjò. Ohun tó sì ń fọkàn rẹ balẹ̀, pé kò tíì tọrọ owó, kò fi ọkàn tèmi balẹ̀. Ní December 2024, EFCC kó èèyàn 792 nínú ilé kan ṣoṣo ní Victoria Island, l'Ékòó. 148 nínú wọn jẹ́ ará Ṣáínà. Ohun tí EFCC sọ ni pé àwọn ọmọ Nàìjíríà ni wọ́n gbà síṣẹ́ láti máa bá èèyàn tàkúrọ̀sọ ìfẹ́ lórí fóònù. Bí ọkàn ẹni náà bá ti balẹ̀ tán, àwọn àjèjì á gbà á lọ́wọ́ wọn, wọ́n á fi òwò kírípítò èké gbowó rẹ̀. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ dídùn lè má tọrọ kọ́bọ̀ títí ayé. Bí owó bá sì yá, kì í jọ pé wọ́n tọrọ rẹ̀: òwò kan wà tó ń so lówó, tàbí ẹrù tó fi ránṣẹ́ sí ọ ni kọ́sítọ́ọ̀mù dì mú.

Mi ò sọ pé olè ni o. Ó lè jẹ́ ọkọ ìyàwó kan ní Brampton, tí ìyàwó rẹ̀ ń dáná ní yàrá kejì. Lọ́nà méjèèjì, ohun kan náà ni wàá ṣe. Pè é lórí fídíò lálẹ́ òní láìsọ tẹ́lẹ̀. Bó bá gbé e, ní kó yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó gbé ọwọ́ kọjá níwájú imú, torí wọ́n ti ń fi kọ̀ǹpútà gbé ojú olójú wọ̀ báyìí, àwọn ìṣe yẹn sì lè tú àṣírí wọn. Gbé fọ́tò rẹ̀ sí Google Lens náà, kí o lè mọ̀ bóyá fọ́tò ẹlòmíràn ló ń lò. Kí o sì bi í ní agboolé rẹ̀, àdúgbò rẹ̀, ilé ìwé tó lọ, orúkọ tí wọ́n ń pe màmá rẹ̀ ládùúgbò. Ọmọ Ìjẹ̀bú tó fẹ́ fẹ́ ọ kò ní bínú sí ìbéèrè yẹn.

Ti àwọn tó ń dákẹ́ lójijì, má jẹ́ kó dùn ọ́ jù. Bí wọ́n ṣe ń bá ọ sọ̀rọ̀ ni wọ́n ń bá ẹni márùn-ún mìíràn sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ fóònù tó bá gùn ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ láàárín ẹni méjì tó wà ní ìlú kan náà, mi ò fara mọ́ ọn. Ẹ pàdé ní ọ̀sán gangan níbi tí èrò wà. Palms ní Ring Road dára. Wọ ọkọ̀ tìrẹ, má jẹ́ kó wá gbé ọ nílé, kí ọ̀rẹ́ rẹ kan sì mọ ibi tí o wà. Kọ ọ́ sójú ewé rẹ pé ìgbéyàwó lò ń wá. Wọ́n á ní ó ń lé ọkùnrin. Àwọn ti òtẹ́ẹ̀lì yẹn ni yóò lé, kó lé wọn.

Genotype ńkọ́? Tètè béèrè, má sì gba ti ẹnu. AS pẹ̀lú AS, gbogbo oyún tí ẹ bá ní ló ní ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún láti jẹ́ SS. Ẹ jọ lọ ṣe àyẹ̀wò kí ìfẹ́ tó wọra.

Ní ti Màmá, sọ fún wọn. Má kọ́kọ́ sọ pé o ti rí ọkọ, torí aṣọ ẹbí ni wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ sí í yàn. Sọ pé o fẹ́ kí wọ́n bá ọ béèrè ìdílé kan ní Ìjẹ̀bú-Igbó, kí o sì kọ orúkọ agboolé yẹn fún wọn bó bá fún ọ. Bí kò bá fún ọ, o ti rí èsì nìyẹn.