Mò Ń Kọ Ọ́ Sílẹ̀, Ó Tún Wá Ń Dùn Mí Sí I

Lẹ́tà mẹ́ta ni mo mú lóṣù yìí, torí ọ̀rọ̀ kan náà ló wà nínú gbogbo wọn: ẹni tí ọkàn ẹ̀ gbọgbẹ́ tó fẹ́ fi bírò, kíkùn àbí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tọ́jú ara ẹ̀. Ti àkọ́kọ́ ni mo máa pẹ́ lé lórí jù, ó kàn mí gan-an.

*Ẹ kú iṣẹ́ o, àǹtí wa. Ọdún tó kọjá ni ẹnì kan tí mo fọkàn tán dalẹ̀ mi, mi ò fẹ́ sọ púpọ̀ nípa ẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan ló ní kí n ra ìwé, kí n máa kọ gbogbo nǹkan tó bá wà lọ́kàn mi sínú ẹ̀ lálaalẹ́, pé ara á tù mí. Ó ti pé oṣù mẹ́rin báyìí, ìwé kejì ni mo wà, àmọ́ kàkà kó sàn ńṣe ló ń le sí i, tí mo bá ti kọ ọ́ tán mi ò ní lè sùn mọ́. Ṣé èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n ṣe ni àbí irọ́ ni wọ́n ń pa fún wa?*
*Ẹni Tí Ò Rí Oorun Sùn*

Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́. Irọ́ kọ́ ni wọ́n pa fún ẹ, ìwọ náà ò sì ṣe nǹkan burúkú kankan, ìdajì ọ̀nà ni ọ̀rẹ́ ẹ júwe fún ẹ.

Ọ̀dọ̀ James Pennebaker, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, ni òkìkí ọ̀nà yìí ti wá, òun àti akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ kan ló tẹ àbájáde ẹ̀ jáde ní 1986. Wọ́n kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì jọ, wọ́n ní kí àwọn kan kọ nípa nǹkan tó bà wọ́n lọ́kàn jẹ́ jù láyé wọn, ìṣẹ́jú 15 lójúmọ́, kí àwọn tó kù kọ nípa nǹkan tí ò ṣe pàtàkì, bíi yàrá tí wọ́n ń gbé. Ṣó o mọ iye ọjọ́ tí wọ́n fi kọ ọ́? Ọjọ́ mẹ́rin. Kì í ṣe oṣù mẹ́rin o, ọjọ́ mẹ́rin péré.

Sì wò ó, àwọn tó kọ ọ̀rọ̀ tó wúwo yẹn, inú wọn kì í dùn tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ọ́ tán, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn tún ń ga díẹ̀, bó ṣe ń ṣe ẹ́ yìí náà ló ṣe wọ́n. Àmọ́ láàárín oṣù mélòó kan tó tẹ̀ lé e, àwọn tó kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ àti bó ṣe rí lára wọn papọ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ lọ sọ́dọ̀ dókítà ilé ìwé bíi ti àwọn yòókù. Ìrora tó ń wá lẹ́yìn ìkọ̀wé, ó yẹ kó wá kó sì lọ ni. Tìẹ ò ráyè lọ, torí kó tó rọlẹ̀ ni ilẹ̀ tún ti ṣú, o tún ti gbé bírò.

Èyí tó wọ̀ mí lára jù níbẹ̀ ni pé nígbà tí Pennebaker padà lọ yẹ ọ̀rọ̀ tí àwọn èèyàn kọ wò, ó rí i pé àwọn tó jàǹfààní jù ni àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn ń yí bí ọjọ́ ṣe ń lọ. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ wọ́n á kàn máa sọ pé báyìí báyìí ló ṣe ṣẹlẹ̀, nígbà tó bá fi máa di ọjọ́ tó kẹ́yìn, ọ̀rọ̀ bíi "torí pé" àti "ó wá yé mi pé" á ti máa jáde. Àwọn tó ń ro ìtàn kan náà lọ́nà kan náà látìbẹ̀rẹ̀ dópin ò rí tó bẹ́ẹ̀ gbà níbẹ̀. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́ pé bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ẹkún lo ti ń sun sínú ìwé yẹn láti oṣù mẹ́rin, mi ò bá ẹ wí, ẹni tí wọ́n dalẹ̀ ẹ̀ gbọ́dọ̀ sunkún, àmọ́ ojú ẹ ò tíì ríran nínú ẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kó o ṣe rèé. Má kọ nǹkan kan fún ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn náà yan ọjọ́ mẹ́rin tó tẹ̀ léra, ọ̀sán ni o, kì í ṣe alẹ́, kó o ṣètò fóònù ẹ kó dún tó bá ti pé ìṣẹ́jú 20, tó bá ti dún o ti parí nìyẹn, kódà kí gbólóhùn má tíì délẹ̀. Lọ́jọ́ kìíní sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, àmọ́ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó ò tíì bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ rí. Lọ́jọ́ kejì, pe ohun tó ń ṣe ẹ́ lórúkọ ẹ̀ gan-an. Má kọ pé "inú mi ò dùn" kó o wá fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣé inú ń bí ẹ ni? Ṣé ojú ń tì ẹ́ ni? Ṣé ẹ̀rù ló ń bà ẹ́ láti tún fọkàn tán ẹlòmíì? Àbí ó ń dùn ẹ́ pé o ti rí i tẹ́lẹ̀ tó o dákẹ́? Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni gbogbo ẹ̀. Ní 2007, Matthew Lieberman àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní UCLA, yunifásítì kan ní California, fi ẹ̀rọ wo ọpọlọ àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe ń fi àwòrán ojú ẹni tínú ń bí àti ẹni tẹ́rù ń bà hàn wọ́n, wọ́n rí i pé tí èèyàn bá ti lè fi ọ̀rọ̀ pe ìmọ̀lára yẹn, ibi tó máa ń ta gìrì nínú ọpọlọ, tí wọ́n ń pè ní amygdala, á rọlẹ̀ díẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹta, dá orúkọ ara ẹ kó o sì fi "ó" kọ ọ́, bíi pé ẹlòmíì ló ṣẹlẹ̀ sí. Èmi náà ṣe é, lẹ́yìn tí ẹ̀gbọ́n mi kú láìjẹ́ pé a parí ìjà tó wà láàárín wa. Mo kọ orúkọ mi, mo ní "ó ń retí kí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ kọ́kọ́ pè é." Ìgbà tí mo rí i bẹ́ẹ̀ lórí ìwé ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé kì í ṣe ìbínú ló ń jẹ mí lọ́kàn, àbámọ̀ ni. Ẹkún ọjọ́ yẹn ju ti gbogbo ọjọ́ tó kù lọ, mo sì sùn lóru yẹn.

Lọ́jọ́ kẹrin, jẹ́ kí "torí pé" pọ̀ nínú ohun tó o máa kọ. Lẹ́yìn ìyẹn pa ìwé dé. O lè fà á ya o, o lè tọ́jú ẹ̀, má ṣáà fi ránṣẹ́ sẹ́ni tó dalẹ̀ ẹ. Kò sẹ́ni tó ní o gbọ́dọ̀ dárí jì í kí ọjọ́ mẹ́rin tó pé.

Tó bá sì jẹ́ pé ibì kan wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn tó jẹ́ pé tó o bá ti fọwọ́ kàn án ńṣe ni gbogbo ara ẹ ń gbọ̀n, fi ibẹ̀ sílẹ̀, Pennebaker fúnra ẹ̀ sọ pé tó bá ti fẹ́ kọjá agbára ẹni kéèyàn dáwọ́ dúró. Tí àìsùn yẹn ò bá lọ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àbí tí ayé bá ti ń sú ẹ, má dá a gbé, lọ rí dókítà tàbí ẹni tó kọ́ṣẹ́ ìtọ́jú ọkàn, kó o lọ lọ́jọ́ yẹn gan-an.

*Màdáámù, ẹ kú iṣẹ́. Ẹni ọdún 61 ni mí, mo ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Wọ́n ní kí n máa jókòó jẹ́ẹ́ fún ìdajì wákàtí láràárọ̀ kí n má ro nǹkan kan. Mo ti gbìyànjú títí, bí mo bá ti dijú ni èrò á máa rọ́ wọlé, mo ti fẹ́ pa á tì.*

Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì pa á tì. Ẹni tó ní kẹ́ ẹ má ro nǹkan kan ló gbé ẹrù tí ò ṣeé gbé lé yín lórí. Kò sẹ́ni tó lè pàṣẹ fún ọkàn kó ṣófo. Ọkàn á lọ, ẹ máa rí i pé ó ti lọ, ẹ máa rọra mú un padà síbi èémí yín: mímú un padà yẹn gan-an niṣẹ́ ọ̀hún, tó bá lọ nígbà ọgbọ̀n tẹ́ ẹ mú un padà nígbà ọgbọ̀n, ẹ ti ṣe é dáadáa. Nígbà tí Jon Kabat-Zinn, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, bẹ̀rẹ̀ ètò ìfọkànbalẹ̀ tiẹ̀ ní 1979, ní ilé ìwòsàn yunifásítì kan ní Massachusetts, àwọn tí ìrora ò fi ara wọn sílẹ̀ ló ń bójú tó, kì í sì í ṣe ìjókòó nìkan ló wà níbẹ̀, wọ́n ń dùbúlẹ̀ kí wọ́n máa fọkàn tẹ̀ lé ara láti ọmọ ìka ẹsẹ̀ dé orí, wọ́n tún ń rìn jẹ́jẹ́.

Ẹ fi ìṣẹ́jú márùn-ún bẹ̀rẹ̀, ojú lè wà ní lílà. Ẹ fa èémí sínú kẹ́ ẹ ka 4, ẹ tú u jáde kẹ́ ẹ ka 6, tẹ́ ẹ bá ń kà á ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, ẹ̀ẹ̀mẹfà lẹ máa mí láàárín ìṣẹ́jú kan. Ìgbà tí a bá ń mí síta ni ọkàn máa ń rọra lù, ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ti ìta gùn ju ti inú lọ. Tí òòyì bá fẹ́ kọ́ yín, ẹ padà sí bẹ́ ẹ ṣe ń mí tẹ́lẹ̀. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yín ńkọ́? Ẹ máa lò ó bí dókítà ṣe kọ ọ́, èémí ò rọ́pò ẹ̀.

*Àǹtí, wọ́n ní àwòrán yíyà máa ń tu ọkàn lára àmọ́ tíṣà kan fi àwòrán mi ṣe yẹ̀yẹ́ níwájú kíláàsì nígbà tí mo wà ní kékeré, látìgbà yẹn mi ò yà nǹkan kan mọ́. Ṣé ó lè wúlò fún irú mi?*

Ó lè wúlò, ó sì dùn mí pé wọ́n ṣe ẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní yunifásítì Drexel, Girija Kaimal àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ fún àgbàlagbà 39 ní amọ̀, bébà àti pẹ́ẹ̀nì aláwọ̀ fún ìṣẹ́jú 45, wọ́n gba itọ́ wọn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ àti lẹ́yìn tí wọ́n parí, wọ́n sì tẹ àbájáde ẹ̀ jáde ní 2016. Nínú èèyàn mẹ́rin, bíi mẹ́ta ni cortisol wọn wálẹ̀, ìyẹn èròjà tó máa ń pọ̀ lára tí wàhálà bá bá èèyàn, ẹni tó mọ àwòrán yà àti ẹni tí ò mọ̀ ọ́n rárá ò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra. Èèyàn 39 ò pọ̀ lóòótọ́, àmọ́ èyí tó kàn ẹ́ níbẹ̀ ni pé wọn ò ní kó o mọ̀ ọ́n yà.

Carl Jung, dókítà ọpọlọ ará Switzerland yẹn, nígbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ológun lásìkò Ogun Àgbáyé Kìíní, òbìrípo kékeré kan ló máa ń yà sínú ìwé ẹ̀ láràárọ̀ láti fi mọ bí inú òun ṣe rí lọ́jọ́ yẹn. Bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Fi ife ya òbìrípo kan sórí bébà, mú àwọ̀ tó bá kọ́kọ́ wù ẹ́, kó o kún inú ẹ̀ bó ṣe wù ẹ́, ìlà ni o, àmì tótòtó ni o. Kọ ọjọ́ sẹ́yìn ẹ̀. Fún oṣù àkọ́kọ́ má fi han ẹnikẹ́ni, kódà ẹni tó fẹ́ràn ẹ, ìgbà tó bá pé 30 kó o tẹ́ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà kó o wò ó, kó o wá kọ̀wé sí mi padà, mo fẹ́ gbọ́ ohun tó o rí.